Ẹ̀wù Àyálò àbí Ẹgbẹ̀fà? Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Sọ Ìròyìn Bàálù ní Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, bàálù kan balẹ̀ sí pápákọ̀ òfúrufú Àbújá. "Nigeria Air" ni wọ́n kọ sí i lára gàdàgbà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari parí. Láti ọdún 2018 ni mínísítà Hadi Sirika ti ń ṣèlérí pé Nàìjíríà máa tún ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tirẹ̀, torí pé Nigeria Airways ti kógbá sílé ní ọdún 2003. Kò pẹ́ rárá tí àṣírí fi tú. Bàálù Ethiopian Airlines ni. Wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n gbé e wá, ó sì padà síbi tó ti wá. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, Dapo Olumide tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fìdíhẹ fún Nigeria Air ṣàlàyé fún àwọn aṣòfin pé ṣe ni wọ́n ṣáátà bàálù náà, kí aráàlú lè rí àmì iléeṣẹ́ náà. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kan pè é ní jìbìtì.

Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, òwe kan wà tó máa ń yá wa lẹ́nu: "Ẹ̀wù àyálò kò yẹ ọmọ ènìyàn, rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu." Òwe náà dùn, ó sì rọrùn láti pa. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òwe yìí kò bá ọ̀rọ̀ bàálù mu. Nítorí pé orí rẹ̀ ni èrò wa dúró lé, ìròyìn bàálù ní Yorùbá máa ń bínú sí ohun tí kò yẹ kó bínú sí, ó sì máa ń gbójú fo ohun tó yẹ kó béèrè. Òwe mìíràn wà nílé tó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù ú lọ. Ẹni tó bá ń kọ́ Yorùbá ní Dublin níbí sì lè tètè rí ìdí rẹ̀, torí pé ìlú yìí jẹ́ ọjà ńlá tí gbogbo ayé ti ń háyà bàálù.

Irú ìròyìn mẹ́ta

Ẹ tẹ́tí sí rédíò, ẹ ka ìwé ìròyìn. Irú ìròyìn bàálù mẹ́ta ni ẹ máa bá pàdé jù. Àkọ́kọ́ ni pé bàálù já. Èkejì ni pé ẹni ńlá kan wọ bàálù, tàbí wọn ò jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta ni pé bàálù di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn, bíi ti Nigeria Air. Mi ò sọ pé àwọn akọ̀ròyìn wa kò ṣiṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìgbà tí bàálù bá wà nílẹ̀ tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n ń san owó lórí rẹ̀, tàbí tí ẹni tó ni ín ń béèrè rẹ̀, kì í sábà di ìròyìn.

Ẹ wo gbólóhùn "bàálù já" fúnra rẹ̀. Okùn ń já, èso ń já láti orí igi. Ọ̀rọ̀ náà sọ bí nǹkan ṣe parí fún wa, kò sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, bàálù Bellview tó ń lọ sí Àbújá gbéra ní Èkó lálẹ́, ó sì já sí abúlé Lisa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo ènìyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ní agbègbè Kíṣí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni bàálù náà já sí. Àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n AIT ló wá fi ibi tó wà gan-an hàn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àbọ̀ ìwádìí tó jáde, àbọ̀ náà kò sì lè sọ ìdí kan pàtó tí bàálù náà fi já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbé bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe yẹ̀ wò. Nígbà yẹn, ìròyìn "já" ti kọjá lọ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe kò ní ẹkún nínú, kò sì ní ẹ̀rín, torí náà kò rí ààyè.

Orúkọ tí a kọ sára bàálù

Ní Èkó, kò sẹ́ni tó gbà pé awakọ̀ dánfó ló ni dánfó dandan. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọlọ́kọ̀ wà níbì kan tó ń retí owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di bàálù, ṣe la máa ń ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, a ó sì gbà pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló ni ín.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn bàálù akérò tó wà láyé, nǹkan bí ìdajì ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń fò wọ́n háyà. Nínú àwọn tí wọ́n háyà yìí, ju ìdajì lọ ni wọ́n ń bójú tó láti Ireland. AerCap, tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ náà láyé, Dublin ni oríkò rẹ̀ wà. Dublin náà ni Avolon àti SMBC Aviation Capital wà. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí kì í gbé èrò kankan. Wọ́n ń ra bàálù, wọ́n ń háyà rẹ̀ fún àwọn tó ń gbé èrò, wọ́n sì ń gbà á padà nígbà tí àdéhùn bá parí.

Báwo ni orílẹ̀-èdè kékeré báyìí ṣe débẹ̀? Tony Ryan, ọmọ Tipperary, ń ṣiṣẹ́ fún Aer Lingus. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Aer Lingus ní Boeing 747, bàálù tó tóbi ju iye èrò tó ń rí lọ nígbà òtútù. Bàálù tó bá dúró sílẹ̀ ń jẹ owó ni. Wọ́n háyà ọ̀kan fún Air Siam ní ìlú Thailand, Ryan sì lọ sí Bangkok láti mójú tó o. Ó rí i pé òwò gidi wà níbẹ̀. Ní ọdún 1975, òun, Aer Lingus àti báńkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá Guinness Peat Aviation sílẹ̀ ní Shannon. Ní ọdún 1992, GPA fẹ́ ta ìpín fún aráàlú, ọjà kò gbà á, iléeṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, iléeṣẹ́ GE ti Amẹ́ríkà sì gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ fọ́n ká, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, òfin owó orí Ireland sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Bí òwò náà ṣe gbilẹ̀ ní Dublin nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń háyà. Ryanair, tí Ryan yìí kan náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú bàálù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bàálù titun kan ń gbé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ẹni tó bá háyà lè fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, ó sì lè dá bàálù padà bí èrò bá dínkù. Ọgbọ́n òwò ni èyí, kì í ṣe àìní.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa wo bàálù, ẹ̀rí wà tí ẹ lè fojú ara yín rí. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù tí wọ́n háyà, pátákó irin kékeré kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn iwájú tó ń sọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ tún wo lẹ́tà tó wà lára bàálù lápá ẹ̀yìn. EI ni ti Ireland, 5N ni ti Nàìjíríà. Lẹ́tà yẹn ń sọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti fi orúkọ bàálù sílẹ̀, kò sọ ẹni tó ni ín. Bàálù lè máa jẹ́ 5N kó jẹ́ pé iléeṣẹ́ kan ní Dublin ni ọlọ́kọ̀ rẹ̀.

Yá, háyà, àti ìkòkò alásè

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ròyìn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo "yá". "Mo yá ìwé lọ́wọ́ Túndé": Túndé ló ni ìwé. "Mo yá Túndé ní ìwé": èmi ni mo ni ín. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, "lọ́wọ́" àti "ní" ló fi ibi tí ìwé ti wá hàn. Bí ìròyìn bá wá sọ pé "bàálù tí iléeṣẹ́ náà yá", a ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á ni àbí wọ́n fi fúnni. Èyí tó tún le ni pé "yá" kì í sọ̀rọ̀ owó. Bí mo bá yá ìwé rẹ, mi ò san nǹkan kan lórí rẹ̀. Bàálù kò rí bẹ́ẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n ń san owó rẹ̀. "Háyà" ló bá a mu, bí a ṣe ń háyà àga àti kánópì fún ìnáwó.

Ẹnì kan lè sọ pé háyà kì í ṣe Yorùbá. Òótọ́ ni, bàálù náà kì í sì í ṣe é. Ọ̀rọ̀ àyálò ni àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ èdè ṣe ń pè wọ́n, bíi ṣọ́ọ̀ṣì, tísà àti bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àyálò kò yẹ ọmọ ènìyàn. A fi ohùn Yorùbá sí wọn lára, wọ́n di tiwa, ẹni tó ni wọ́n kò sì ní wá gbà wọ́n. Ibi tí bàálù ti yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ nìyẹn: ọlọ́kọ̀ ń bọ̀ wá gba tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà háyà bàálù. Òyìnbó fi "tútù" àti "gbígbẹ" pè wọ́n. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní yé ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká gba ilé ìnáwó lọ. Bí o bá háyà ìkòkò nìkan, ìwọ lo máa wá igi, ìwọ lo máa wá ẹni tó máa sè é, bí ìkòkò bá sì lu, ọrùn rẹ ló wà. Ṣùgbọ́n bí o bá pe alásè, ó máa kó ìkòkò tirẹ̀ wá pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàálù náà rí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ lè háyà bàálù nìkan, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó fi awakọ̀ tirẹ̀ wà á. Ó sì lè háyà bàálù pẹ̀lú awakọ̀, àtúnṣe àti owó adójútòfò, fún oṣù díẹ̀. Ti alásè wọ́n ju ti ìkòkò lọ.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, bàálù United Nigeria Airlines gbéra ní Èkó, àwọn èrò rò pé Àbújá ni àwọn ń lọ, Àsàbà ni wọ́n balẹ̀ sí. Wọ́n tún kí wọn káàbọ̀ sí Àbújá nínú bàálù. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Iléeṣẹ́ náà sọ pé ojú ọjọ́ tí kò dára ní Àbújá ló fà á. Ṣùgbọ́n bàálù irú ti alásè ni bàálù náà, wọ́n háyà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń wà á, àjọ NCAA tó ń bójú tó ìrìnnà òfúrufú sì dá irú iṣẹ́ háyà bẹ́ẹ̀ dúró fún iléeṣẹ́ náà. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé ta ló ń fún awakọ̀ tí a háyà ní ìwé ìrìnnà rẹ̀, ta ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbéra? Ẹ̀rín ló bo ìbéèrè yẹn mọ́lẹ̀.

Òwe kejì

Òwe tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni èyí: "Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn." Ẹgbẹ̀fà jẹ́ igba mẹ́fà, 1,200, nígbà tí a ń ná owó ẹyọ. Ẹ kíyè sí i pé òwe yìí kò bú ẹni tó yá. Ẹni tí kò dá a padà ló ń bá wí, ó sì sọ ìyà tó máa jẹ ẹ́: ọ̀nà máa dí.

Ọ̀nà dí fún Nàìjíríà lóòótọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Ó sọ pé bí ẹni tó háyà bàálù kò bá san owó mọ́, kí ọlọ́kọ̀ lè tètè gba bàálù rẹ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Nàìjíríà wà lára àwọn tó gbà á. Ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà, níbi tí ẹ ti lè wo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí bàálù tàbí ẹ́ńjìnnì kan, Dublin ni ó wà láti ọdún 2006. Aviareto ni iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Blanchardstown ni àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ yẹn ń lò, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ìdílé Nàìjíríà ń gbé. Ẹ ò rí nǹkan? Ìwé tó ń sọ ẹni tó ni bàálù ayé wà ládùúgbò wa, a ò sì ní gbólóhùn Yorùbá kan tí a fi ń sọ ọ́.

Ní Nàìjíríà, àdéhùn wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tó bá wá gba bàálù rẹ̀ lè bá àṣẹ ilé ẹjọ́ pàdé pé kí ó má fọwọ́ kàn án. Ẹjọ́ á máa falẹ̀, bàálù á máa bàjẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní Dublin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti háyà bàálù nìkan fún àwọn iléeṣẹ́ Nàìjíríà, tàbí kí wọ́n bu owó gegere lé e. Ti alásè tó wọ́n ló wá kù fún ọ̀pọ̀ wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Adájọ́ àgbà ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, John Tsoho, fọwọ́ sí ìlànà titun tó ní kí àwọn adájọ́ tẹ̀lé àdéhùn Cape Town. Mínísítà Festus Keyamo ló lé ọ̀rọ̀ náà títí. Lójú tèmi, ìròyìn yẹn wúlò fún aráàlú ju ìròyìn ọ̀dà Nigeria Air lọ, ariwo rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ohun tí a lè fi ta kò mí

Ẹnì kan lè sọ pé òfin àwọn olówó ni òfin yìí. Kí ló dé tí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà kò fi ní lè dáàbò bo iléeṣẹ́ Nàìjíríà? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń fi apá kan agbára rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2022 nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine. Ju 400 bàálù tí àwọn iléeṣẹ́ Rọ́ṣíà háyà ni wọn kò dá padà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn iléeṣẹ́ Dublin. Ẹjọ́ owó adójútòfò lórí wọn dé ilé ẹjọ́ gíga Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ti rí irú òfò yẹn rí á máa wo oníbàárà tó kàn tìfura-tìfura, oníbàárà yẹn lè jẹ́ Nàìjíríà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ló kan aráàlú nínú ìwé àdéhùn, tó bá sáà ti lè fò kó balẹ̀ láyọ̀. Ó kàn án lọ́nà méjì. Èkíní ni owó. Dọ́là ni iléeṣẹ́ fi ń san owó háyà, náírà ni èrò fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó sí Àbújá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹfà ọdún 2023, gbèsè náà wúwo sí i láìjẹ́ pé bàálù kan fi kún un. Èkejì ni ààbò. Àdéhùn háyà máa ń béèrè pé kí bàálù padà ní ipò tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, pẹ̀lú ìwé gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i. Bí ìwé ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan bá sọnù, iye owó bàálù náà máa já wálẹ̀. Torí náà, yàtọ̀ sí ìjọba, ọlọ́kọ̀ pẹ̀lú ní ìdí láti fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń tún bàálù náà ṣe dáadáa. Ẹ̀wù àyálò, nínú ọ̀rọ̀ yìí, lè ní olùṣọ́ ju ẹ̀wù tí a dá fúnra ẹni lọ.

Ìkádìí

Nígbà náà, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Nigeria Air? Kì í ṣe pé wọ́n gba bàálù lọ́wọ́ Etiópíà. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ náà kò tíì gba ìwé àṣẹ tó máa jẹ́ kó gbé èrò fò, bàálù náà kò sì wá láti dúró, síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀dà sọ ohun tí ẹnu wọn kò gbọ́dọ̀ sọ. Háyà kò lẹ́gàn. Àìsọ pé a háyà ló ni ẹ̀gàn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ kí gbogbo ìròyìn bàálù ní Yorùbá máa dáhùn: Ta ló ni ín? Ta ló ń wà á, ta ló sì ń tún un ṣe? Ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá dá a padà? Kò sí èyí tó le ju Yorùbá lọ nínú wọn. Ọlọ́kọ̀, awakọ̀, háyà, gbèsè, dá padà: ẹni tó bá kọ́ Yorùbá fún ọdún méjì ti mọ gbogbo wọn. Bí a bá lè fi wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ tí Dublin ń ṣe fún àwọn òbí wa nílé, tí àwọn náà sì bi wá ní ìbéèrè kẹrin tí a ò rò tẹ́lẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tí mò ń wí.